Akọ̀wé Tí Kò Béèrè

Ọdún mọ́kànlá ni Akọ̀wé fi jókòó sẹ́nu fèrèsé ọ́fíìsì ìlera, tó ń kọ orúkọ àwọn tó kú sínú ìwé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò níkà nínú. Bí ọlọ́fọ̀ bá dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú omijé, á ní kò yẹ kóun fi ìbéèrè ha ojú egbò. Á kọ "àìsàn ránpẹ́," á lu òǹtẹ̀, ó parí.

Nígbà tó yá, dókítà obìnrin kan dé láti olú iléeṣẹ́. Ó ṣí ìwé náà wò, ó ní ṣé àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá gbogbo ìlú jà ni. Ó kó fọ́ọ̀mù fún Akọ̀wé pé kó máa tọ ẹbí òkú lọ sílé, kó béèrè bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ àti iṣẹ́ tí olóògbé ń ṣe.

Ilé opó kan tó ń ránṣọ ló kọ́kọ́ yà. Obìnrin náà gbé àga fún un, ó sì rọra ròyìn. Bátìrì ọkọ̀ àlòkù lọkọ òun ń yọ́ láti fi gba òjé inú rẹ̀. Inú ló kọ́kọ́ ń run ún, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ife mú mọ́. Kó tó kú, gìrì tí í mú ọmọdé ń mú géńdé ọkùnrin.

Akọ̀wé béèrè bóyá ẹlòmíì tún kú nínú ẹbí.

"Àbúrò mi ọkùnrin," ni obìnrin náà wí. "Òun ló gba iṣẹ́ ọkọ mi. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, bákan náà ló ṣe kú. Ẹ̀yin náà lẹ kọ àwọn méjèèjì sílẹ̀."

Bíírò dúró lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ó ní òun kò fẹ́ dá kún ẹkún rẹ̀ nígbà náà.

"Ẹkún ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá sọ."

Kò gbóhùn sókè, kò sì bú u. Ìyẹn ló wọ Akọ̀wé lákínyẹmí ara.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni dókítà ka ohun tí Akọ̀wé kọ sínú fọ́ọ̀mù, ó sì mú kí wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì pa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ wò, májèlé òjé ti kún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn kíá.

Ìyá ọ̀kan nínú wọn wá sí ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Akọ̀wé sáré fà á dìde. Kò lè wo ojú rẹ̀.