Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Kóòdù

"Ta ló fi orúkọ mi síbí?"

Ngaire Pohatu kò tíì bọ́ kóòtù òjò ọrùn rẹ̀. Báàgì tó gbé bọ̀ láti Ruatoria ṣì wà léjìká rẹ̀, erùpẹ̀ ibojì ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì wà nídìí bàtà rẹ̀, ó sì ti na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gún un lójú.

Callum Strachan, tó ni ilé iṣẹ́ náà, rọra gbé búrẹ́dì tí wọ́n ká wàràkàṣì sí nínú kalẹ̀, ó nu ọwọ́. "Kú ìrìn, Ngaire. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"A dúpẹ́. Mo ní ta ló fi orúkọ mi síbí?"

"Èmi ni. Irinṣẹ́ rẹ ni mo fi yẹ ètò kọ̀ǹpútà tuntun náà wò. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀ gbé jáde, láti òkè dé ilẹ̀, kò sí àbùkù kankan. Ìwọ lo ṣe irinṣẹ́ yẹn. Mo rò pé ọ̀kan náà ni."

"Tí mo bá yá ọ ní ọ̀bẹ, tí o fi gé ìka rẹ, o máa sọ fún dókítà pé èmi ni mo gé ọ?"

"Má gbé e gba ibẹ̀ yẹn."

"Ibo ni kí n gbé e gbà? Mo sùn ti pósí òkú ní marae, gbàgede ìpàdé ẹbí wa, mo pa fóònù mi bí ó ṣe yẹ, ìwọ jókòó síbí, o ń fi ọwọ́ mi tọwọ́ bọ̀wé."

Callum mí kanlẹ̀. "Ọ̀la ni ètò yìí máa wọ inú gbogbo àpótí tó wà lóde. Àwọn tó ń ṣe àpótí ti sọ ọ́ fún mi lójú pé tí a bá tún sún un síwájú, àwọn á lọ bá àwọn tó ń fi kóòdù wọn pamọ́. Ṣé kí n wá pè ọ́ nídìí òkú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tàbí kí o fi orúkọ tìrẹ síbẹ̀. Àbí ìyá rẹ kò fún ọ lórúkọ?"

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ wọn lè rò pé obìnrin yìí ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Kò fà á gùn rárá. Àpótí kékeré kan ni iṣẹ́ wọn wà fún, èyí tí àwọn tí etí wọn ti ń kú máa ń fi kọ́ ọrùn. Á gba ohùn wọlé, á fọ̀ ọ́ mọ́, á sì tì í sínú etí. Ètò tó ń gbé inú àpótí náà ni wọ́n ń kọ nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ti ń kó irun àgùntàn pamọ́ rí, lẹ́bàá èbúté Dunedin. Kóòdù rẹ̀ kì í ṣe ohun àṣírí. Ẹni tó bá wù lè kà á, ẹni tó bá wù lè tún un ṣe, àwọn kan ń ti Finland àti Brazil fi tiwọn ránṣẹ́. Wọn kò mọ ojú ara wọn, orúkọ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó kọ kóòdù á fi orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò á fi tirẹ̀ sí i, orúkọ yẹn ni gbogbo ayé yóò gbà gbọ́. Wọ́n lè bú ara wọn lórí ímeèlì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n wọn kì í fi orúkọ ẹlòmíì ṣeré.

"Ṣé ìwọ ni Ngaire?"

Ohùn náà ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wá. Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó lórí àga àwọn àlejò, ó gbé àpò lé itan, ó fi aṣọ dúdú bo orí. Ó ti wà níbẹ̀ kí Ngaire tó wọlé, ìbínú ni kò jẹ́ kí ó rí i.

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ó dáa. Ìwọ ni mo wá bá jà. Sela Vainikolo lorúkọ mi, Tonga ni wá, Oamaru ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ yìí. Ọkọ mi wà lára àwọn díẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ fi ètò tuntun yín sínú àpótí wọn láti dán an wò. Orúkọ rẹ ni mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dáa." Ó tú àpò, ó gbé àpótí kan tí okùn rẹ̀ ti gbó sórí tábìlì. "Ibi ìpẹran ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ títí ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ fi jẹ etí rẹ̀ kan tán. Èyí tó kù lẹ ń yìnbọn sí."

"Ìyáàfin Vainikolo," Callum bẹ̀rẹ̀, "a dá yín lóhùn."

"Kò tíì kàn ọ́. Tí ilé bá pa rọ́rọ́, àpótí yìí á sùn. Tí mo bá wá pe Viliami, ohùn mi kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Gbàù ló ń gbọ́. Nísinsìnyí ó ti jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn bí àlejò. Mo kọ̀wé sí yín, mo tún un kọ, mo tún un kọ. Kí lẹ fèsì?"

Callum ló dáhùn. "A ní kí ẹ fi kōrero gba ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́. A kà á dáadáa. Kò sí àbùkù níbẹ̀."

Kōrero ni irinṣẹ́ Ngaire, èdè àwọn ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ. Èèyàn á so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, á tẹ àṣẹ kan sójú dúdú níbi tí kò sí àwòrán kankan, àpótí á sì máa ròyìn gbogbo ohun tó ń ṣe, ìlà lórí ìlà. Ẹjọ́ tí kò bá ní ìròyìn kōrero nínú, wọn kì í gbọ́ ọ nílé iṣẹ́ náà. Òfin gbogbo wọn ni.

"Ọmọ àbúrò mi ló bá mi tẹ àṣẹ yín," ni Sela wí. "Òótọ́ ni, kò sí àbùkù níbẹ̀. Tí a bá ti so wáyà yẹn mọ́ ọn, á máa hùwà bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ jókòó tì. Ẹ yọ wáyà, kí ẹ wá wo ohun tí ojú ń rí."

Ngaire bọ́ kóòtù rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́ ọ, apá kan, apá kejì.

"Callum. Nígbà tí o ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé kōrero wà lórí ẹ̀?"

"Ó ń bẹ níbẹ̀. Òfin wa kọ́?"

"Ṣé o fìgbà kan pa á?"

"Tí mo bá pa á, kí ni kí n máa kà?"

"Jésù," ni Ngaire wí, jẹ́jẹ́. "Etí là ń ṣe ẹ̀rọ fún, ojú là ń fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àpótí tí a ní kó máa sọ̀rọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ sùn? Tí kò bá sì sùn, báwo ló ṣe máa jí? Nínú jíjí ni gbàù yẹn wà."

Inú bí i sí Callum. Inú bí i sí gbogbo àwọ̀ ewé yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ta á jù ni irinṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, tó ń kẹ́ bí ọmọ, tó sì ti sọ Sela di òpùrọ́.

Ó mú àpótí tuntun lórí pẹpẹ Callum, èyí tó ṣì wà nínú ọ̀rá, tí ètò ti ọ̀la ti wà nínú rẹ̀. Ó so ẹnu ohun àfisétí rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kejì, ó tẹ àṣẹ kúkúrú kan tó ń gba ohùn nìkan sílẹ̀. Kò fi kōrero sí i.

"Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀."

Òjò ń ta sára fèrèsé. Callum la ẹnu, Sela wò ó, ó pa á dé. Nígbà tó yá, iná kékeré orí àpótí náà wálẹ̀, ó kú.

"Àǹtí, ẹ pe ọkọ yín."

Sela tẹ̀ síwájú. "Viliami."

Ìlà tó ń fi ohùn hàn, tó ti sùn gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà, fò sókè, ó kan òkè pátápátá: gbàù náà nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni orúkọ Viliami tó yọ, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ohun tó pẹ́ dé.

"Ó lè jẹ́ wáyà ni," ni Callum wí. "Wáyà yẹn ti gbó."

Ngaire yọ wáyà náà, ó jù ú sílẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ohun àfisétí náà mọ́, ó nà án sí i. "Kò sí wáyà mọ́. Fi sí etí. Àǹtí á dákẹ́ kó tún sùn, lẹ́yìn náà wọ́n á tún pe ọkọ wọn."

Callum wo ohun tó wà lọ́wọ́ Ngaire. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, etí ara rẹ̀ ló lọ dì mú.

"Gbà á. Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀."

Kò gbà á.

"Ngaire, mi ò mọ̀."

"O ti mọ̀ báyìí."

Ngaire lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣí ímeèlì tí gbogbo wọn jọ ń kà káàkiri ayé. Ó kọ ọ́ pé òun kọ́ ló yẹ ètò yìí wò, ẹlòmíì ló fi orúkọ òun sí i, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó kọ ọ́ pé òun ti wá yẹ̀ ẹ́ wò wàyí, kò gbọdọ̀ wọ etí ẹnikẹ́ni lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó pa kōrero, kó jẹ́ kí àpótí sùn, kó wá pe orúkọ ẹnì kan.

Callum ń kà á lẹ́yìn rẹ̀. "Tí o bá fi èyí ránṣẹ́, àwọn tó ń ṣe àpótí á lọ. Ilé iṣẹ́ yìí lè tì."

"Ó lè tì."

"Iṣẹ́ rẹ náà wà níbẹ̀."

"Mo mọ ibi tí iṣẹ́ mi wà. Lọ jẹ búrẹ́dì rẹ."

Kò lọ. Ìlà kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, ibi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí àbùkù sí. Ngaire gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ rí i. Àyè yín nìyí. Gbogbo ayé á máa rí orúkọ náà, kò ní ṣeé pa rẹ́. Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀?"

Sela fa àga súnmọ́ ọn. Ó wá ìgò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó fi sójú, ó wo ìlà tó ṣófo náà dáadáa.

"Kọ ọ́," ló wí. "Kí o kọ ti Viliami ṣáájú tèmi. Etí rẹ̀ ló gbọ́ ọ."

Ngaire kọ orúkọ méjèèjì, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kó kà á. Nígbà tí Sela mi orí pé ó dáa, Ngaire tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà náà lọ.