Erékùṣù Méjì, Aṣọ Mẹ́fà

“Àgùntàn,” ni ìyá ìbejì wí, ó sì ti abẹ́rẹ́ bọ etí aṣọ bí ẹni ń gún ọ̀tá. “Ọgbọ̀n ọdún tí a ti fẹ́ra, àgùntàn lẹ fẹ́ mú mi lọ wò.”

“Àgùntàn àti òkun,” ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ìwé erékùṣù méjèèjì wà lórí itan rẹ̀. “Ogójì èèyàn péré ló ń gbé ibẹ̀. Kò sí mọ́tò kankan. Ìyá Ìbejì, gbogbo ayé mi ni mo fi wa bọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ gbọ́ atẹ́gùn kí n tó kú.”

“Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ó gbọ́ ọ.”

Àwọn ìbejì wọn, tí wọ́n ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ló fẹ́ fi ìrìn àjò náà ta wọ́n lọ́rẹ: ọ̀sẹ̀ kan ní ọ̀kan nínú erékùṣù méjì tó jìnnà réré. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú èyí tó wù wọ́n kí aago mẹ́rin ọjọ́ náà tó lù. Ọ̀kan jẹ́ òkúta, òtútù, àgùntàn àti ẹyẹ òkun. Èkejì jẹ́ iyanrìn funfun, oòrùn àti òtẹ́ẹ̀lì ńlá, àbúrò ìyá ìbejì sì ti lọ síbẹ̀ rí.

Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àbúrò yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Arẹwà, tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn, ti bá ọkọ rẹ̀ oníṣòwò lọ sí erékùṣù oníyanrìn. Láti oṣù mẹ́ta tó ti padà dé ló ti ń fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn. Lónìí, Arẹwà létí omi. Lọ́tùn-únla, Arẹwà lábẹ́ agboòrùn. Ìyá ìbejì á kọ ọ́ sí i pé, “Ó dára púpọ̀, àbúrò mi,” lẹ́yìn náà ni yóò fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú, kó lè ka ìrọ̀rí tó wà lórí àga. Kì í ṣe pé ó ń jowú o. Ó kàn fẹ́ mọ iye ìrọ̀rí ni.

“Oníyanrìn la ń lọ,” ni ó wí. “Yàrá tó kọjú sómi, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fún àwọn kan.”

Ọkọ rẹ̀ ká ìwé àgùntàn sí méjì, ó fi í sápò. “Kò burú. Ìwọ lo mọ̀.” Ó bọ́ síta.

Kò pẹ́ tí Arẹwà fi wọlé, báàgì ńlá kan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ pé ibi tí mo lọ lẹ fẹ́ lọ. Ẹ má wulẹ̀ rán aṣọ mìíràn. Mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ rán fún mi fún ìrìn àjò náà wá. Ẹ bá wọn tú ìbàdí díẹ̀, wọn á gbà yín.”

“O ṣeun,” ni ìyá ìbejì wí. Eyín rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ó tú báàgì. Tí ó bá rán aṣọ ìrìn àjò, ó máa ń fi òwú funfun so àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n má bàa tú nínú àpótí, á sì kìlọ̀ pé: àárọ̀ ọjọ́ tí o bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ni kí o fa òwú yìí yọ. Ó gbé aṣọ aláwọ̀ ewé. Òwú funfun wà lára rẹ̀. Ó gbé pupa. Òwú wà. Márùn-ún ló gbé bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ ìyeyè nìkan ni kò ní òwú, iyanrìn sì wà ní etí rẹ̀.

Gbogbo fọ́tò náà padà wá sí i lọ́kàn. Ìyeyè lábẹ́ agboòrùn, ìyeyè nídìí tábìlì. Ìborùn àti fìlà nìkan ló ń pààrọ̀. Ó ti ka ìrọ̀rí tán, aránṣọ kò sì rí aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán.

“Arẹwà. Ọjọ́ mélòó lo fi ṣeré níbẹ̀?”

“Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìyá ìbejì fi èékánná gbé òwú funfun náà sókè.

Arẹwà rọra jókòó sórí àpótí. “Ọjọ́ tí a dé ni òwò pe ọkọ mi padà. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lọ. Wọ́n ní kí n máa gbádùn.” Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. “Èmi nìkan láàárín tọkọtaya? Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ló ya fọ́tò mi káàkiri ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn mo tilẹ̀kùn, mo ń wo tẹlifíṣọ̀n títí ọ̀sẹ̀ fi pé.”

Gbogbo ẹbí ti rò pé ọkọ ló ń ya fọ́tò. Oṣù mẹ́ta ni ìyá ìbejì ti ń gbàdúrà fún irú ìròyìn yìí. Nígbà tó dé, kò dùn tó bó ṣe rò.

“Bàbá ìbejì fẹ́ lọ síbi tí àgùntàn wà,” ni ó wí.

Arẹwà bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé ojú sókè lójijì. “Ẹ̀yin méjèèjì? Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko?”

“Wọ́n ní fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.”

“Ẹnikẹ́ni ò sì lè pe Bàbá Ìbejì kúrò níbẹ̀?” Ohùn Arẹwà ti rẹlẹ̀. Ìyá ìbejì mọ ohùn náà dáadáa. Ọ̀fun òun ló ti ń gbé láti oṣù mẹ́ta.

Ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. “Bàbá Ìbejì, tí a bá ya fọ́tò níbi àgùntàn yẹn, báwo la ó ṣe fi ránṣẹ́?”

“Kò sí bí a ó ṣe ṣe é.”

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ pe àwọn ọmọ yín, ẹ ní àgùntàn ni,” ni ó wí. “Kí ẹ sì mú kóòtù yín wá, bọ́tìnnì rẹ̀ méjì ti já.”

Lẹ́yìn náà ló jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó gbé aṣọ aláwọ̀ ewé sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú funfun yọ.

“Wọ èyí lọ sílé,” ni ó wí. “Ọkọ rẹ wà nílé lónìí, àbí?”