Ebè Tí Ọkọ́ Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ìró ọkọ́ ni Bàbá Onítáìsì gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé bó ṣe ń ti géètì wọlé. Kì í ṣe ìró tó le: gbì, ó dúró, gbì. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Ẹrù ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò bojú wò ó. Lẹ́yìn ilé yìí kan náà, lọ́dún tó kọjá, ni irú ìró bẹ́ẹ̀ ti dákẹ́ lójijì. Kó tó débẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ti dojú bolẹ̀ lórí ebè, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di ọkọ́ mú.

Ó yí ilé po kíákíá, tòun ti orúnkún tí iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti bà jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí ebè, tí òógùn bò ó lójú.

"Jù ú sílẹ̀!"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Mo ní kí o jù ú sílẹ̀! Ta ló gbé ọkọ́ wọ ilé yìí?"

Látìgbà ìsìnkú ni ọkọ́ ti tán nínú ilé náà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo wọn fún ẹlòmíì. Lẹ́yìn ikú ìyá ni àwọn dókítà yẹ ọmọ náà wò, tí wọ́n sì rí i pé irú ọkàn ìyá rẹ̀ ló wà láyà rẹ̀, ọkàn tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Nígbà tí ọmọ náà wá takú pé ọgbà ìyá òun kò ní di igbó lójú òun, Bàbá lọ kọ́ ọgbà tí wọn kì í ro lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta irúgbìn. Wọn á gé koríko mọ́lẹ̀, wọn á tẹ́ paálí lé e, wọn á bu omi rin ín, wọn á da ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà bò ó, wọn á sì gbin nǹkan sórí rẹ̀. Ọkọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Gbólóhùn yẹn ló wọ Bàbá létí jù.

Káfíńtà, aládùúgbò wọn tó máa ń fi àwàdà pe ọmọ náà ní ìyàwó rẹ̀, na ọrùn lókè fẹ́ǹsì. "Èmi ni mo yá ìyàwó mi lọ́kọ́, Bàbá. Ẹ má bínú. Ó ní èpò fẹ́ lé yín kúrò nílé."

"Ìyàwó ta? Wá gba irin rẹ kí n tó sọ ọ́ sí kànga!"

"Ó yá, mo ti lọ." Orí Káfíńtà wọlẹ̀.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já a léèémí díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Bàbá sún mọ́ ọn.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Jókòó. Mo ní kí o jókòó!"

"Kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, Bàbá, ẹ yé wò mí."

Ó wò ó. Koríko ti yọrí láàárín ìgbẹ́, ṣùgbọ́n kò hù káàkiri. Ó tò gbọọrọ, òmíràn dábùú rẹ̀, igun mẹ́rin mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ pálọ̀ tí wọ́n tẹ́ táìsì sí.

"Báwo lẹ ṣe tẹ́ paálí yìí?"

"Mo wọ̀n ọ́n, mo tò ó. Mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn."

"Àyè kí ni?"

Bàbá wúkọ́. "Àyè símẹ́ńtì."

"Símẹ́ńtì! Nínú ọgbà ẹ̀fọ́! Ṣebí wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn ni, bíi páànù òrùlé?"

"Ọwọ́ mi ló ṣe ohun tó mọ̀. N ó tún un ṣe. Ìwọ wọlé lọ sinmi."

"Mo ti sinmi sú. Tẹ́ ẹ bá ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, tẹ́ ẹ ń tẹ́tí bóyá mò ń mí, mo máa ń gbọ́ yín. Èmi náà á wá la ojú sílẹ̀, àyà mi á máa lù kìkì. Dókítà ní kí n máa ṣiṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí n máa rìn. Ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ òkú."

"Má dárúkọ òkú nílé yìí."

"Tá ò bá dárúkọ rẹ̀, ṣé ikú ò mọ̀nà ilé wa ni?"

Bàbá fẹ́ sọ pé bí òun bá tún gbé ẹnì kan lórí ebè yìí, òun kò ní dìde mọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Dá ọkọ́ yẹn padà," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn."

"Mo gbọ́. Kí wá ni kí n máa ṣe?"

Ó wo òkìtì ìgbẹ́ létí fẹ́ǹsì. Ó wo iṣan tó ń lù lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù sọ fún un pé kó dá gbogbo rẹ̀ gbé.

"Gbé garawa." Ó fi ọwọ́ tọ́ka sí i. "Má jẹ́ kó kọjá ìdajì. Bó bá ti rẹ̀ ọ́, jókòó. Má dúró de ìgbà tí n ó sọ."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Ó kúnlẹ̀. Ó ṣí selotépù kúrò lára paálí tuntun, ó tẹ́ ẹ lé ojú ibi tí koríko ti yọ, ó sì jẹ́ kí èkejì gùn ún ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ìgbẹ́ ń bọ́ sínú garawa. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń bọ̀, jẹ́jẹ́. Ní agbedeméjì ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà dúró.

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí paálí. Ó gbọ́ tí garawa kanlẹ̀, tí ọmọ náà rọra jókòó fúnra rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó dìde, kó sáré, kó ké.

Ó na ọwọ́ mú paálí mìíràn, ó tẹ́ ẹ. Kò yíjú padà.