Ìpín Ẹran Tí Bámidélé Kò Jẹ

"Jẹ ẹ́, ká rí ọ."

Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó fọwọ́ lẹ́rán, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára oúnjẹ tó wà níwájú ọmọ rẹ̀. Iyán wà nínú abọ́ kan, ẹ̀gúsí wà nínú èkejì, epo yí ẹ̀gúsí náà ká. Itan ọ̀yà kan ló jókòó sáàárín ọbẹ̀, ó tóbi débi pé eegun rẹ̀ yọ síta abọ́.

Bámidélé fọ ọwọ́. Ó tún un fọ̀. Ó níye ìgbà téèyàn lè fọ ọwọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọgbọ́n ló ń dá.

Bàbá Fámúrewá jókòó sórí àga tìmùtìmù lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àbúrò bàbá Bámidélé ni, òun sì ni olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Láàárọ̀ Sátidé yìí ni òun àti Màmá wọ mọ́tò láti Ìṣẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Iṣu mẹ́fà àti ọ̀yà gbígbẹ kan ni wọ́n gbé dání. Màmá kò jẹ́ kí Jọkẹ́, ìyàwó Bámidélé, fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì gún iyán náà.

"Oúnjẹ ọwọ́ mi ni," ni Màmá wí. "Àbí àjẹ́ lèmi náà?"

"Màámi, ta ló pè yín ní àjẹ́?"

Bàbá Fámúrewá wúkọ́. "Ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé ulé rẹ nìyẹn. Lóṣù tó kọjá tí a sìnkú ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, a pa màlúù, a pín in. Wọ́n gbé ìpín àkọ́bí ọkùnrin fún ọ, o ní kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọdé. Gbogbo ulé ló rí i. Ẹni tó bá kọ ìpín rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ohun méjì ló ń sọ. Ó ń bá wa jà, tàbí ó ń bẹ̀rù pé a ó fún òun ní májèlé jẹ. Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

"Kò sí ọ̀kan níbẹ̀, Bàbá."

"A jẹ́ pé ìyàwó rẹ ló kọ́ ọ."

"Wo ọrùn rẹ," ni Màmá wí. "Ẹnìkan rí ọ lọ́nà Ìṣẹ̀ níbi tí o ti ń sáré, ó sunkún dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní ṣé mo gbọ́ pé ara ọmọ mi ò yá."

Ká sọ tòótọ́, Bámidélé ti rù. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré kan ní ìlú náà, ṣùgbọ́n títí di ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, fèrè nìkan ló ń fọn, àwọn ọmọ ló ń sáré. Ó tóbi tó kílò méjìdínláàádọ́fà nígbà náà. Ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ó ṣubú lulẹ̀ lórí pápá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un wọ̀n kó tó gbà pé ẹ̀rọ òun kò bàjẹ́.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní Adó fún un lóògùn. Ó ní kó fi ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti epo sílẹ̀, kó máa jẹ iṣu, kókò, ẹ̀wà, àgbàdo àti ẹ̀fọ́, kó sì máa jẹ ẹ́ yó. Bámidélé rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Oúnjẹ oko lásán! Oṣù àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, nítorí ẹja yìnyín ni Jọkẹ́ ń tà níwájú ilé, ó sì máa ń dín díẹ̀ fún títà nírọ̀lẹ́. Ẹni bá gbọ́ òórùn ẹja díndín nígbà tó ń jẹ kókò sísè tí kò ní ju iyọ̀ bíńtín lọ, á mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi fún un. Orúnkún kò dùn ún mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó sáré díẹ̀ dé ìkóríta, kò kú. Ní báyìí, kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń sá lówùúrọ̀ Sátidé, kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin ló wọ̀n, dókítà sì ti gé oògùn rẹ̀ sí ìdajì. Ara rẹ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn bíi ti ọmọdé tí ilé ìwé fún ní ọlidé.

Jọkẹ́ ló ń jìyà rẹ̀. Àwọn oníbàárà á ra ẹja tán, wọ́n á wo ọkọ rẹ̀ bó ti ń sáré kọjá, wọ́n á ní, "Obìnrin yìí ń ta ẹja fún gbogbo Ìkẹ́rẹ́, ó ń febi pa ọkọ." Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ kí wọ́n tó gba ṣẹ́ńjì.

"Gbọ́ ohun tí a bá wá," ni Màmá wí. "Tí kò bá sí nǹkan nínú rẹ sí wa, jẹ ẹran yìí lójú wa. Tí o kò bá jẹ ẹ́, ìyàwó á palẹ̀ mọ́ lónìí, á lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìláwẹ̀. Èmi á dúró síbí, n ó máa se oúnjẹ fún ọ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á fi padà."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ni Bàbá Fámúrewá wí.

Bámidélé ní òun fẹ́ mu omi. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná. Jọkẹ́ dúró ti fèrèsé, ó káwọ́ mọ́yà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá Fẹ́rànmí," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Tí mo bá jẹ ẹ́ lónìí, wọ́n á ní mo ti gbádùn. Lọ́la ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n bá tún pín ẹran ńkọ́?"

"Ẹ kúkú sọ fún wọn pé ẹ ṣubú."

"O mọ̀ pé mi ò lè sọ ọ́."

Jọkẹ́ mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé bàbá Bámidélé ṣubú, ọdún méjì gbáko ló fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, apá kan kò gbé, ẹsẹ̀ kan kò gbé. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọ̀rá ẹran ni. Màmá ló sì ń ṣa ibi ọ̀rá fún un lálaalẹ́, ó sì ń fi yangàn títí dòní pé kò sí ọjọ́ kan tí ọkọ òun jẹ ọbẹ̀ tí kò dùn. Tí Bámidélé bá sọ fún obìnrin yìí pé oúnjẹ ni dókítà ní kí òun ṣọ́ra fún, kí ni yóò gbọ́? Ohun tí kò jẹ́ kó lè lanu láti ọdún kan ààbọ̀ nìyẹn. Eré sísá nìkan ló máa ń sọ fún wọn pé òun fẹ́ràn.

"Mo mọ̀," ni Jọkẹ́ wí. Omi ti ń lé lójú rẹ̀. "Àmọ́ èmi ni wọ́n ń lé lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Bámidélé padà sídìí tábìlì láìmu omi kankan, ó jókòó. Ó mú itan ọ̀yà náà ní eegun, ó gbé e sókè. Màmá rọ́ síwájú lórí àga. Ọwọ́ Bámidélé dé ìdajì ọ̀nà, ó sì rọra dá a padà sínú ọbẹ̀.

"Màámi, mo ṣubú."

"Níbo?"

"Lórí pápá ilé ìwé, lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ru."

Bàbá Fámúrewá dìde dúró. "Irú ti bàbá rẹ?"

"Irú rẹ̀ ni. Jọkẹ́ ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ló ní kí n má jẹ ẹran mọ́, Jọkẹ́ ló sì ń se ohun tí wọ́n ní kí n máa jẹ. Wọ́n ń bú u lójú ọ̀nà, kò fèsì, torí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ibi òkú mi lẹ ò bá ti pín màlúù."

Bàbá Fámúrewá kò jókòó mọ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró níbẹ̀. "Ìyàwó," ni ó wí, "má bínú sí wa. Ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ rẹ lọ́hùn-ún, èmi ni n ó pa á dé." Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá mọ́tò. Ojú ń tì í, ó sì hàn.

Màmá ń wo epo tó ti ń dì létí abọ́.

"Dókítà ní kí o má jẹ ẹran," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Àti epo?"

"Àti epo."

"Pé òun ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ru."

Bámidélé rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò sì rí ọ̀nà tó lè gbà yà. Àyà rẹ̀ ń lù ju bó ti máa ń lù lórí òkè tó ga jù lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀. Ó ní, "Dókítà ní oríṣiríṣi nǹkan ló ń fà á, Màámi."

"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣa ọ̀rá fún bàbá rẹ. Mi ò jẹ́ kó wọ́n ọn rí." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Rárá, Màámi."

Èsì náà ti yára jù. Òun náà gbọ́ bó ṣe yá tó.

Màmá wò ó títí. Kò sunkún, kò sì bínú. "Láti kékeré ni o kò ti mọ irọ́ pa," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ilé ìdáná, ó pe Jọkẹ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, gbé abọ́ yìí kúrò níwájú ọkọ rẹ."

Jọkẹ́ jáde wá, ó gbé e wọ ilé ìdáná lọ.