Sàréè Bàbá Hannah

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Tegwen fi wá sàréè bàbá ìyá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sì kúrò ní ilé ìdáná rẹ̀ ní Cwm Hesgen, abúlé àwa awakùsà èédú. Lẹ́tà ló ń kọ. Ó kọ sí àwọn akọ̀wé ìjọ, ó kọ sí àwọn tó ń tọ́jú ìtẹ́ òkú, ó kọ sí àwọn tó ní orúkọ àwọn tí kòtò èédú wó pa lọ́wọ́. Kò sí Ifor Gethin nínú òkú wọn.

Ọdún 1893 ni iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní kòtò èédú wa, tí Ifor bá àwọn ọkùnrin méje wọkọ̀ ojú omi lọ sí Pẹnsilféníà. Ó fi Leisa ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Hannah ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ní bí òun bá ti rí ilé gbà, òun á ránṣẹ́ pè wọ́n. Lẹ́tà mẹ́rin dé, ẹ̀karùn-ún ò dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún Leisa pé opó ni, torí náà kò wọ aṣọ dúdú, kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn. Inú ìyà yẹn ló wà tó fi kú lọ́dún 1904. Àwọn ẹlẹ́nu ṣàkàṣàkà ń sọ pé obìnrin Amẹ́ríkà kan ló gba ọkọ rẹ̀.

Hannah, ìyá Tegwen, tó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún báyìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ní irọ́ ni. “Kòtò ló pa bàbá mi,” ló máa ń wí. “Tegwen, bá mi wá sàréè ẹ̀ kí n tó kú.” Bí akólẹ́tà bá ti kọjá báyìí, á ké láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: “Ṣé wọ́n ti rí i?”

Láàárín àwa awakùsà, ènìyàn lè gbàgbé fìlà sílé, kò ní í gbàgbé ìwé ìjọ. Bí o bá ń ṣí lọ, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ á kọ ọ́ fún ọ pé ọmọ ìjọ rere ni ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ibi tí o dé á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Bí o ò bá mú un dání, ẹ̀yìn pátápátá lo máa jókòó, oúnjẹ alẹ́ Olúwa á sì máa kọjá rẹ. Ìdí nìyẹn tí Tegwen fi tètè rí Ifor nínú ìwé àwọn tó wọlé ní Pẹnsilféníà. Àṣìṣe gbogbo àwa tí à ń wá ẹbí ni pé ibẹ̀ la máa ń dúró sí. Ta ni í wo ìwé àwọn tó jáde? Ta ló máa rò pé ẹni tó rékọjá òkun tún padà sínú kòtò tó sá fún?

Lọ́dún 1974 wọ́n gba akọ̀wé tuntun ní ìjọ Pẹnsilféníà náà, ọmọdébìnrin tí kì í ṣe ara wa, tí kò mọ èyí tó yẹ kó fò. Gbogbo ibi tó ti rí orúkọ Ifor ló dà kọ ránṣẹ́ sí Tegwen. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ pé: Ifor Gethin, aya rẹ̀ ti kú, a fún un ní ìwé lóṣù karùn-ún 1897, sí ìjọ Bethania, Cwm Pelau.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹ̀yìn òkè tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni Cwm Pelau. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìlà-oòrùn, èéfín ààrò wọn ni à ń fín símú. Tegwen ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi lẹ́tà pamọ́ sábẹ́ búrẹ́dì, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Díákónì arúgbó kan, Emlyn Hopcyn, ló ṣí géètì Bethania fún un.

“Ta lẹ ń wá, arábìnrin?”

“Ifor Gethin, bàbá.”

“Ifor aláwàdà! Ọdún mẹ́tàlá la jọ wakùsà. Kí lẹ jẹ́ sí i?”

“Ìyá mi ni àkọ́bí ẹ̀.”

“Sárà ni àkọ́bí ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Hannah ni, bàbá. Láti Cwm Hesgen.”

Bàbá náà ń wo bàtà rẹ̀. “Ó sọ fún wa pé ìyàwó òun ti kú.”

“Ọdún méje lẹ́yìn tó dé ọ̀dọ̀ yín ló tó kú.”

“Ó ti pẹ́, arábìnrin. Òkú ò ṣeé bá wí.”

“Èmi ì bá fẹ́ bá a wí,” ni Tegwen dáhùn.

Òkúta sàréè náà mọ́ tónítóní: Ifor, ọkọ Martha, bàbá ọmọ márùn-ún, ó kú lọ́dún 1931. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tegwen lọ́dún náà, ó sì ní bàbá àgbà tó ṣì ń mí lẹ́yìn òkè. Inú bí i débi pé kò lè sunkún.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó to irọ́ kan: sàréè kan ní Pẹnsilféníà, lábẹ́ igi, tí àwọn ìjọ ń tọ́jú. Ó dùn ún gbọ́ létí ara rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó wọ yàrá, tí ìyá rẹ̀ gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

“Màámi, wọ́n ti rí i.”

“Ní Amẹ́ríkà?”

“Rárá, mà. Cwm Pelau.”

Hannah ní, “Ọdún 1913. Gbogbo ìjọ àgbègbè yìí péjọ láti kọrin pọ̀, oyún ẹ wà nínú mi. Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn ará Cwm Pelau. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ó pa ìwé orin dé, ó jáde nígbà tí orin ò tíì tán.”

“Ẹ mọ̀? Gbogbo lẹ́tà tí mo ń kọ láti ọjọ́ yìí, ẹ mọ̀?”

“N ò mọ̀ o. Ẹni tó jọ ọ́ ni mo ní mo rí, ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi.” Ó ń fọwọ́ tẹ́ etí aṣọ ìbora rẹ̀. “Ká ní o bá mi rí sàréè kan lọ́hùn-ún ni, á jẹ́ pé kì í ṣe bàbá mi ló rí mi tó sì jáde.”