Orin Màríà lẹ́nu Obìnrin Mẹ́ta

Ká má purọ́, Pélagie kò fẹ́ kí obìnrin mìíràn kọ orin Màríà mọ́ láyé. Bí Ọlọ́run bá ti gba ohùn òun, kó kúkú gba orin náà mọ́ ọn, kó tán síbẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn nígbà tí olùkọ́ Rogatien wọlé tọ̀ ọ́ wá, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ọdún 1957, tó ní kó wá fi orin náà kọ́ obìnrin kan láti Oko-Àkàrẹ̀.

Rogatien ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé Àgùdà ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀. Òun náà ló ṣe eré olórin tí ìjọ ń ṣe lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ẹtì tí a fi ń rántí ikú Olúwa. Orin pọ̀ nínú eré náà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni gbogbo ìlú ń dúró dè. Wọ́n á sọ Jésù kalẹ̀ lórí àgbélébùú, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní, Màríà á sì kọrin sí i pé: "Ọmọ mi, dìde ká relé, oúnjẹ rẹ ti ń tutù."

Pélagie ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké "dìde" náà. Ó yí gbirigbiri nílẹ̀, ó di Oyèlẹ́yẹ káfíńtà tó ń ṣe Jésù mú, ó sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí òkú fi la ojú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin sunkún débi pé wọ́n gbọ́ wọn lọ́jà. Láti ọjọ́ náà ni tọmọdé tàgbà ti ń pè é ní Ìyá Jésù. Àlejò á rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ogún ọdún ni Pélagie ti wà nílé Lucien ọkọ rẹ̀ láìbí. Ewú ti gba orí rẹ̀, síbẹ̀ "Ìyàwó Lucien" ni agbo ilé ń pè é, nítorí kò sí orúkọ ọmọ tí wọ́n lè fi pè é. Orúkọ kan ṣoṣo tó ní "ìyá" nínú, inú eré ló ti rí i.

Lọ́dún kejì, gẹ̀gẹ̀ mú un lọ́rùn, ohùn rẹ̀ sì há. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Jeanne ló kọ orin lọ́dún náà, ìyàwó akọ̀wé kan, tí àwọn Sísítà kọ́ lórin ní Àjàṣẹ́. Jeanne kò fi orúnkún kan ilẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó gbójú sókè àjà, ó sì kọ ọ́ láìṣì lẹ́ẹ̀kan. Fadá òyìnbó ń mi orí. Àwọn obìnrin ní ohùn rẹ̀ dára, wọ́n sì lọ sílé láìsunkún.

Àríyànjiyàn náà kò tán bọ̀rọ̀. Àwọn tó ń mu ẹmu ní ìlú Másẹ̀ pín sí méjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Ògúnsànyà ẹlẹ́mu, tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí ju ọjọ́ eré lọ, ló dájọ́ fún wọn. "Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni," ó ní. "Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Ti Pélagie ṣo ó, ti Jeanne fún un. Ẹni tó ni ín kò tíì wá." Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà dé etí Pélagie, ó sì dùn ún wọra.

Nígbà tó di ọdún kẹta, wọ́n ti gbé ọkọ Jeanne lọ sí ọ́fíìsì kọ̀máńdà, òyìnbó aláṣẹ, ní Pọ́bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Rogatien ṣe wá Ìyábùnmi rí, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń rin gbágùúdá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni orin yìí," Rogatien sọ fún Pélagie. "Ẹ bá mi kọ́ ọ. Bí ẹ bá ní kò lè ṣe é, màá yọ orin náà kúrò, a ò ní kọ ọ́ mọ́."

Pélagie gbà, bí kò tilẹ̀ tọkàn rẹ̀ wá. Ọjọ́ méjì ni Ìyábùnmi fi mọ orin náà lórí ìjókòó. Ní Ọjọ́rú, Oyèlẹ́yẹ wá, ó nà gbalaja sórí ẹní kí wọ́n lè dán an wò. Ìyábùnmi wo ẹní náà lẹ́ẹ̀kan. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kò ké. Ó ń pe ọmọ bí ìyá tó ń dáná ṣe ń pe ọmọ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí kò sì bojú wẹ̀yìn. Irun orí Pélagie dìde.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ó ní. "Ọmọ rẹ kú, o kẹ̀yìn sí i?"

"Ìyá Jésù, ẹ má bínú. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí òkú ọmọ. Nígbà tí Fábíyì ọmọ mi lọ, wọ́n mú mi jókòó, wọ́n kọ ojú mi sí ògiri, wọ́n sì gbé e gba ẹ̀yìn mi kọjá. Ìró ẹsẹ̀ wọn ni mo gbọ́. Mi ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí títí dòní."

"Ìyẹn, tàwọn abọ̀rìṣà ni. Màríà dúró níwájú ọmọ tirẹ̀, ó wà nínú Ìwé. Yíjú padà."

Ìyábùnmi yíjú padà. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú, kò jáde.

Àṣà náà kò ṣàjèjì sí Pélagie, ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ló mọ̀, kò sì kàn án rí. Ó ti gbọ́ orin náà bí kò ṣe gbọ́ ọ rí, ó sì mọ̀ pé bí ìlú bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tí yóò rántí ẹni tó yí gbirigbiri nílẹ̀. Ó jowú. Ó lọ bá Rogatien, ó ní: "Kò lè kọ ọ́." Rogatien mí kanlẹ̀, ó mú lẹ́ẹ̀dì, ó fa ìlà gba orí orin náà, ó sì fi Ìyábùnmi sáàárín àwọn akọrin yòókù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin Oko-Àkàrẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Iwájú ni Pélagie jókòó sí. Wọ́n sọ Oyèlẹ́yẹ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Gbogbo èèyàn ń dúró de Màríà. Rogatien gbé ọwọ́ sókè kí àwọn akọrin lè bọ́ sí orin ìsìnkú.

Pélagie wo ẹní náà. Òkú ọmọ wà lórí rẹ̀, kò sí ìyá lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ń wá ọmọ fún ogún ọdún, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, èmi ni mo sọ ọmọ di aláìníyàá lójú gbogbo ayé.

Ó dìde. Ó la iwájú Fadá kọjá, ó lọ sáàárín àwọn akọrin, ó fa Ìyábùnmi lọ́wọ́ wá síbi ẹní. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, ó sì tẹ̀ ẹ́ léjìká kó jókòó. "Bí wọ́n ṣe mú ọ jókòó lọ́jọ́ náà," ó rọra sọ sí i létí, "bẹ́ẹ̀ ni kó o jókòó."

Ìyábùnmi kọ ọ́. Nígbà tó dé ibi oúnjẹ tó ń tutù, àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé wá. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Ẹfúnwùmí, àgbà kan nínú wọn, jókòó sọ́tùn-ún rẹ̀, òmíràn sósì, wọ́n di apá rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn tó gbé Oyèlẹ́yẹ kò gba ọ̀nà tí wọ́n kọ́ wọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e gbà kọjá. Fadá tẹ̀ sọ́dọ̀ Rogatien, ó ń bi í pé kí ló ṣe tí Màríà fi kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ti tán lẹ́nu olùkọ́.

Lẹ́yìn tí èrò túká, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èmi ni mo sọ fún olùkọ́ pé o ò lè kọ ọ́," Pélagie sọ. "Mo purọ́ mọ́ ọ."

"Mo mọ̀." Obìnrin Oko-Àkàrẹ̀ ni, kò mọ ìtàn ilé Lucien. "Ẹ̀yin ńkọ́, mélòó ni wọ́n gbé gba ẹ̀yìn yín kọjá?"

"Kò sí." Pélagie wo ilẹ̀. "Mi ò bí rí."

Ìyábùnmi kò sọ pé ó máa dára, kò sì ṣàdúrà. Ó sún mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú, bí Ẹfúnwùmí ṣe di tirẹ̀ mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọ tí kò wá pàápàá," ó ní, "wọn kì í fi sàárè rẹ̀ han ìyá rẹ̀."

Pélagie gbé orí lé e léjìká, ó sì sunkún. Kò sí ohùn lọ́rùn rẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ju obìnrin tó dì í mú lọ.