Òdo Inú Ìwé Ìwọ̀n

Ilé ìwòsàn tí wọ́n bí ọmọ àbúrò mi sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ku oṣù méjì kí oṣù ọmọbìnrin náà pé tí wọ́n fi bí i. Kò ju ìgò omi lọ, la bá ń pè é ní Bíńtín.

Òfin yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni pé, bí ọmọ bá ti jáde nínú àpótí tó ń mú ọmọ gbóná, ó gbọ́dọ̀ wúwo sí i nígbà márùn-ún léraléra, láìjó rẹ̀yìn, kí dókítà tó jẹ́ kó lọ ilé. Láràárọ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n ń tẹ iye rẹ̀ sínú dátábéèsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iye pamọ́ sí. Dátábéèsì lè ro iye pọ̀ fúnra rẹ̀, ó lè mú èyí tó pọ̀ jù, ó lè pín in dọ́gba. Kò lè sọ fún ọ pé ọmọ ń lọ síwájú láìdúró. Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe èyí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kà á, mo bà á jẹ́, mo tún un ṣe. Ó ń gba ìwọ̀n ọmọ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń di tàná mú lọ́wọ́, ó ń fi tòní wé e. Bí tòní bá pọ̀ ju tàná lọ, á fi ẹyọ kan kún iye ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá pọ̀ jù ú lọ, á bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Nígbà tí ìlà ìwọ̀n ọmọ náà bá tán, á dá iye kan ṣoṣo padà: iye ìgbà tó ti wúwo sí i léraléra.

Lọ́jọ́ kẹfà tí Bíńtín jáde nínú àpótí náà, méjì ló dá padà.

“Méjì kẹ̀?” àbúrò mi ní. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó gba méjì nìyí?”

“Fara balẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

“Ẹ má fọmọ mi wé ẹlẹ́dẹ̀ o. Ẹ̀rọ yín lẹlẹ́dẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tó ti ń sùn lórí àga. Ilé ló fẹ́ lọ.

Mo lọ wo àwọn ìlà Bíńtín fúnra mi, ní gíráàmù. 1,780. 1,800. 1,825. Òdo. 1,850. 1,880.

Mo bi nọ́ọ̀sì àgbà pé, “Mà, ọmọ wo ni ìwọ̀n ẹ̀ ń jẹ́ òdo?”

Ó wò ó. “Hẹ̀n-ẹ́n. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyá ẹ̀ gbé e lé àyà, àwọn méjèèjì sùn lọ fọnfọn. Ṣé kí n wá já ọmọ gbà láyà ìyá ẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà? Àyè tí ẹ ṣe síbẹ̀ kì í gbà kéèyàn fi í sílẹ̀ lófìfo. A máa ń tẹ òdo ni.”

“Gbogbo yín?”

“Gbogbo wa. Ó ti pẹ́.”

Mo jókòó. Bí òdo bá ti wọlé, iṣẹ́ mi á rò pé ọmọ ti jó rẹ̀yìn, á da gbogbo ohun tó kà nù. Ìyá tó ń gbé ọmọ mọ́ àyà jù lọ ni mò ń dá dúró jù lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: bí o bá rí òdo, di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ mú, kí o kọjá. Mo jẹ́ kí àyè náà gba òfìfo pẹ̀lú. Mo wá jẹ́ kó ka ti gbogbo ọmọ inú yàrá náà lákọ̀tun. Àwọn méjì ti pé márùn-ún tipẹ́. Mo lọ bá àwọn ìyá wọn, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀kan bú mi dáadáa. Èkejì ti ń di ẹrù.

Ti Bíńtín jẹ́ mẹ́rin.

“Ẹ bá wa fi ẹyọ kan kún un,” àbúrò mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.”

“N kò ní fi kún un. Bá a bá fi irọ́ gbé e lọ ilé, ọkàn ìwọ gan-an kò ní balẹ̀.”

Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà tẹ́ Bíńtín sórí òṣùwọ̀n. Ó ń ta ẹsẹ̀, iye ń sáré sókè sódò. Àbúrò mi di apá mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọlé. 1,902. Ó pé márùn-ún.

Dókítà gbọ́ àyà ọmọ, ó wo bó ṣe ń mu ọmú, ó fọwọ́ sí ìwé.

Àbúrò mi kò dìde. “Ta ni á máa wọ̀n ọ́n nílé?”

“Kò sẹ́ni kankan,” dókítà dáhùn. “Ẹ ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ó kọjú sí mi. “Ẹ gbé e wò. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ó wúwo?”

Mo gbé e. Orí rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi.

“Kò wúwo,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ó ju tàná lọ.”

Ó nu ojú, ó na ọwọ́. “Ẹ gbé ọmọ mi wá, ẹ̀yin ẹ lọ gbé báàgì.”